Ìyẹ̀fun zirconia mi mọ́ tó 99.9%, kí ló dé tí ìkòkò mi ń fọ́?

«Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi ìyọ́rin kékeré ni mo ní ní Àkúrẹ́, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Idẹ àti alumíníọ́mù la máa ń yọ́ jù, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà náà sì máa ń gbé iṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ fún mi pé ìkòkò zirconia ni baba gbogbo ìkòkò ìyọ́rin, pé iná kì í ràn án. Ni mo bá ra ìyẹ̀fun zirconium oxide kílò mẹ́ta tí wọ́n kọ 99.9% sí lára. Mo fi omi àti ẹ̀kọ díẹ̀ pò ó, mo tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀lù, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo sì sun ún dé 1450 °C nínú ìléru oníná mànàmáná. Nígbà tí mo yọjú wò wọ́n lójú iná, gbogbo wọn pé pérépéré. Nígbà tí ìléru tutù, àfọ́kù ni mo kó. Mo tún ṣe òmíràn, mo ní kó tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, bákan náà ló rí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n wá èyí tó jẹ́ 99.99% ni? Ẹnìkan tún sọ pé iyanrìn funfun Igbókòdá ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣé òótọ́ ni?»

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìdààmú kan ṣoṣo ló bí wọn: ẹ ra èyí tó mọ́ jù lọ, ẹ sun ún bó ṣe yẹ, ó sì fọ́. Ó yé mi bó ṣe máa ń dun èèyàn, pàápàá nígbà tí owó ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí àmì ìrẹ́jẹ kankan nínú àlàyé yín. Ìkòkò tó pé lójú iná, tó wá fọ́ nígbà tó ń tutù, tí títutù díẹ̀díẹ̀ kò sì gbà á sílẹ̀, ìwà ojúlówó zirconia tí kò ní àdàlù gan-an nìyẹn. Ká ní alumina, ìyẹ̀fun funfun tí alumíníọ́mù ń dà bó bá so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ni wọ́n dì sínú àpò fún yín, ìkòkò yín lè má lágbára tó, ṣùgbọ́n kì bá tí di àfọ́kù báyẹn. Nítorí náà, ẹ má náwó sórí 99.99%. Bí èyí ṣe fọ́ ni ìyẹn náà yóò ṣe fọ́, nítorí pé mímọ́ tó mọ́ jù ló fọ́ ọ.

Kí n tó ṣàlàyé ìyẹn, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, torí pé àwọn tó ń tà wọ́n máa ń pè wọ́n pọ̀ mọ́ra. Zirconium ni irin fúnra rẹ̀. Zirconia ni ohun tí irin yẹn ń dà bó bá so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, òun ni ìyẹ̀fun funfun tó wà lọ́wọ́ yín. Zircon ni iyanrìn tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Bí a bá mú zircon 100 kílò, nǹkan bíi kílò 67 ló jẹ́ zirconia, silica ni ìyókù. Klaproth, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ rí zirconia nínú òkúta zircon ní 1789. Iyanrìn Igbókòdá funfun lóòótọ́, ó sì wúlò gan-an fún ṣíṣe gíláàsì, àmọ́ silica ni. Ọwọ́ lásán lè mọ ìyàtọ̀ wọn: hóró silica wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.65, hóró zircon ní ìlọ́po 4.6 sí 4.7. Ẹ bu ife kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé wọn sọ́wọ́ méjèèjì, ẹ ó rí i. Ní orílẹ̀-èdè wa, orí òkè Jos ni wọ́n ti mọ zircon jù, níbi tí wọ́n ti ń wa tin àti columbite. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí ayé ń lò, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà ló ti ń wá.

Láti orí zircon dé orí ìyẹ̀fun yín, iṣẹ́ kẹ́míkà tó le ni. Wọ́n lè sun zircon pọ̀ mọ́ kọ́sítíìkì sódà ní nǹkan bíi 650 °C, kí wọ́n fi omi fọ silica rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ásíìdì yọ́ èyí tó ṣẹ́kù, kí wọ́n sọ ọ́ di kírísítà zirconium oxychloride, kí wọ́n tún un yọ́ sómi, kí wọ́n da amóníà sí i kó lè sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wá sun ohun tó sọ̀kalẹ̀ náà ní 800 sí 1000 °C. Báyìí ni ìyẹ̀fun tó kúnná tó sì mọ́ ṣe ń jáde. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n yọ́ zircon pẹ̀lú èédú nínú ìléru tó ń fi mànàmáná ṣán iná, kí silica bá èéfín lọ. Èyí kò wọ́n tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ kì í sábà mọ́ ju 98 tàbí 99% lọ, wọ́n sì ní láti lọ̀ ọ́ gan-an kí hóró rẹ̀ tó kéré.

Wàyí o, ìdí tí ó fi fọ́. Zirconia kì í jókòó sójú kan. Bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò nígbà tó tutù kọ́ ni wọ́n ṣe ń tò nígbà tó gbóná. Láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bíi 1170 °C, ètò tí wọ́n ń pè ní monoclinic ló wà. Bó bá kọjá ibẹ̀, yóò di tetragonal, yóò sì sún pọ̀ díẹ̀. Ní nǹkan bíi 2370 °C, yóò di cubic, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yọ́ ní nǹkan bíi 2715 °C. Ooru ìyọ́ yìí ló mú kí wọ́n sọ fún yín pé iná kì í ràn án, wọn kò sì purọ́. Gígòkè kì í ṣe ìṣòro. Ìgbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé àyíká 950 °C, tí inú ìléru ṣì pọ́n, tetragonal yóò padà di monoclinic, ara rẹ̀ yóò sì wú ní 3 sí 5%. Ẹ fojú inú wo ẹ̀wà gbígbẹ tí a rọ kún ìgò dé ọrùn, tí a da omi sí, tí a sì dé pa: ẹ̀wà ní láti wú, ìgò kò sì lè fẹ̀. Nínú ìkòkò yín, hóró kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀wà, àwọn hóró tó yí i ká sì ni ìgò. Bí ara bá wú ní 4%, gígùn rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi 1.3% pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ̀rámíìkì kì í lè nà ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ kó tó ya. Kò sí bó ṣe fẹ́ yè é.

Ẹ ti dán títutù díẹ̀díẹ̀ wò, ó sì yẹ kó ṣiṣẹ́ ká ní ìwárapàpà ooru ló ń fọ́ ọ. Bí apá kan ìkòkò bá tutù ṣáájú apá kejì, wọ́n á máa fa ara wọn, ìfara-balẹ̀ sì ni oògùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí mo ń sọ yìí kì í dúró de aago. Ẹbí ìyípadà tó ń mú irin le nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá rì í bọ omi ni: átọ́ọ̀mù kò rìn lọ síbì kan, gbogbo wọn jọ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru tó dé ibẹ̀ ló ń pè é, kì í ṣe iye wákàtí. Ọjọ́ méjì tàbí oṣù méjì, kò sí ìyàtọ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, pé kí a má jẹ́ kí ó dé 1170 °C rárá. Ní 1100 °C, ìkòkò kò ní fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dì. Ẹ ó fi èékánná ha á, yóò sì máa wó lulẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ooru tó lè mú un dì ti kọjá ibi tó ti ń yí padà, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè sá fún un nípa iná nìkan.

Ohun tí àwọn tó ń fi zirconia ṣiṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ruff àti Ebert, ní Jámánì, ti fi hàn láti 1929 pé bí magnesia (magnesium tó so mọ́ ọ́síjìn) tàbí calcia (ti calcium) bá wọ inú zirconia, ó lè dì í mú kó má padà sí monoclinic mọ́. Yttria àti ceria náà ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn wọ̀nyí ní amúdúró. Wọ́n máa ń wọ àyè tó jẹ́ ti zirconium, ètò tó wà fún ooru gíga á sì lè dúró dé ìgbà tó tutù. Iye tí a ń dà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wọ̀n. Yttria 3 nínú 100 ní ìwọ̀n mole (ìyẹn ni pé iye ẹyọ la kà, kì í ṣe ìwúwo), tí ó jẹ́ nǹkan bíi 5.3% bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ló ń fúnni ní zirconia alágbára tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ funfun, eyín àti bọ́ọ̀lù ìlọ̀. Yttria 8 ní ìwọ̀n mole, nǹkan bíi 13.6% lórí òṣùwọ̀n, ló ń sọ gbogbo rẹ̀ di cubic, tí ọ́síjìn á lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ìkòkò ìyọ́rin, magnesia tó wúwo tó nǹkan bíi 3% tàbí calcia 4 sí 5% ni wọ́n sábà máa ń lò, torí pé kì í wọ́n tó yttria. Nítorí náà, nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe eyín tó ń pẹ́ lẹ́nu èèyàn, zirconia gan-an kò ju nǹkan bíi 94% lọ. Ẹni tó bá ka 94% sí ara àpò kan, tó ka 99.9% sí ara òmíràn, tó wá gbé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, ti gbé èyí tó máa fọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ń dùn mọ́ mi jù. Ní 1975, Garvie, Hannink àti Pascoe, ní Ọsirélíà, fi hàn pé ìwúwú tó fọ́ ìkòkò yín yìí gan-an lè di ohun tó ń dènà fífọ́. Bí hóró bá kéré tó, tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, tí amúdúró inú rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀nba, yóò wà ní tetragonal títí yóò fi tutù, torí pé àwọn tó yí i ká há a mọ́. Bí ìlà kan bá ń sán bọ̀, agbára tó wà ní ṣóńṣó ìlà náà ni yóò tú àwọn hóró iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á wú, wọ́n á sì fún ẹnu ìlà náà pa. Ìdí nìyẹn tí zirconia oní-yttria 3 fi ń gba 900 sí 1200 megapascal (òṣùwọ̀n agbára tó ń tẹ nǹkan) kó tó ṣẹ́, nígbà tí alumina tó dára máa ń ṣẹ́ ní 300 sí 400. Ṣùgbọ́n ohun tí a há mọ́ lè jáde láìbẹ̀wẹ̀. Oru omi, láàárín 65 àti 300 °C, pàápàá ní àyíká 250 °C, máa ń tú àwọn hóró tó wà lójú òde sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara nǹkan náà á sì máa rí págunpàgun. Ní 2001, wọ́n ní láti kó àwọn orí egungun ìbàdí tí wọ́n fi zirconia ṣe padà káàkiri ayé, torí pé àwọn kan nínú wọn ń fọ́ nínú ara aláìsàn. Ìyẹ̀fun wọn mọ́, amúdúró wọn pé. Irú ìléru tí wọ́n ń sun wọ́n nínú rẹ̀ ni wọ́n yí padà ní 1998.

Kí wá ni 99.9% tó wà lára àpò yín ń sọ? Ó ń sọ iye ẹ̀gbin tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ bóyá amúdúró wà, kò sọ bí hóró ṣe tóbi tó, kò sì sọ bí ìyẹ̀fun náà yóò ṣe dì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe zirconia nìkan ni wọ́n kà. Hafnia, ìyẹn irin hafnium tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, 1 sí 2%. Hafnium jọ zirconium débi pé 1923 ni Coster àti Hevesy tó rí i ní Copenhagen, ọdún 134 lẹ́yìn tí Klaproth ti rí zirconia. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ le, kò sì pọn dandan fún ìkòkò tàbí eyín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná átọ́míìkì nìkan ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú zirconium wọn, torí pé hafnium máa ń gbé neutron, ẹyọ inú átọ́ọ̀mù tó ń mú iná wọn máa jó, mì. Nítorí náà, ẹ béèrè fún ìwé àyẹ̀wò ìyẹ̀fun kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wo ìlà Y2O3 (yttria), MgO (magnesia) tàbí CaO (calcia) ṣáájú ìlà mìíràn. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ìyẹ̀fun tí kò ní amúdúró ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí hóró ṣe tó, èyí tí wọ́n ń kọ ní D50. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún sísun máa ń wà ní àyíká 0.5 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), èyí tí wọ́n ṣe fún àwọ̀ àti ohun dídán tí wọ́n ń kùn sára amọ̀ sì lè jẹ́ micron mẹ́ta, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wo silica, irin àti sódíọ̀mù.

N kò sọ pé mímọ́ kò já mọ́ nǹkan. Iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ fi ń sanwó nìyẹn. Oxygen sensor tó wà lára sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì yín ń pààrọ̀, zirconia oní-yttria ló wà nínú orí rẹ̀. Bosch ló ṣe é, ara ọkọ̀ Volvo ló sì ti kọ́kọ́ jáde ní 1976. Bó bá gbóná kọjá nǹkan bíi 300 °C, ọ́síjìn á máa gba inú rẹ̀ kọjá, á sì máa mú iná jáde: nǹkan bíi 0.1 volt bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, 0.9 volt bí epo bá pọ̀ jù. Bí silica bá wà nínú irú zirconia yìí, ìdí hóró àti hóró ni yóò lọ jókòó sí, yóò dí ojú ọ̀nà ọ́síjìn, yóò sì máa fa yttria kúrò nínú hóró. Níbẹ̀, ìdá kékeré gan-an ti tó ba nǹkan jẹ́. Eyín náà kò fẹ́ irin rárá, torí pé irin díẹ̀ ti tó láti sọ eyín di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ṣùgbọ́n nínú ilé iṣẹ́ tó ń da irin ńlá, ihò tí irin yíyọ́ ń gbà ṣàn jáde máa ń jẹ́ zirconia tí magnesia tàbí calcia wà nínú rẹ̀, silica tí kò tó 1% kì í sì dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ìkòkò yín sún mọ́ ti irin ńlá yìí ju ti sensor lọ.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀ lórí ẹni tó tà á fún yín, àfọ́kù tó wà nílẹ̀ yẹn lè jẹ́rìí. Ẹ mú ẹyọ kan tó tó gíráàmù 30, ẹ fi òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n nígbà tó gbẹ. Ẹ sè é nínú omi fún wákàtí méjì kí omi lè wọ gbogbo ihò ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù sínú omi náà. Ẹ wá fi òwú tín-ínrín so ó rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n, kó rì sínú ife omi láìkan ìdí ife, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 30 nígbà tó gbẹ, tó jẹ́ 24.6 nínú omi, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5.4. Ẹ fi 5.4 pín 30, yóò fún yín ní nǹkan bíi 5.56. Monoclinic zirconia kì í ju 5.7 tàbí 5.8 lọ, oní-yttria 3 máa ń dé 6.05, zircon kò kọjá 4.7, alumina kò sì lè kọjá 3.98. Bí tiyín bá wọ 5 lọ sókè, kì í ṣe alumina, kì í ṣe iyanrìn zircon. Ohun tí àyẹ̀wò yìí kò lè sọ ni bóyá 99.9 ni àbí 98. Ẹ̀rọ XRF ló lè sọ ìyẹn, XRD ló sì ń fi hàn bóyá monoclinic ni tàbí tetragonal. Ẹ̀ka Metallurgical and Materials Engineering ní FUTA kò jìnnà sí yín. Ẹ mú àfọ́kù kan àti síbí ìyẹ̀fun kan dání, kí ẹ lọ bi wọ́n bí ẹ ṣe lè rí i yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ kò bi mí, òun ló sì lè dá owó yín dúró: ṣé ìkòkò zirconia tiẹ̀ yẹ iṣẹ́ yín? Alumíníọ́mù máa ń yọ́ ní 660 °C, wúrà ní 1064, bàbà ní 1085, idẹ máa ń yọ́ ní àyíká 900 sí 940. Kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò ohun tó ń fara da 2700. Ìkòkò alámọ̀ àti graphite, tàbí ti silicon carbide, ló dára jù fún wọn. Ó ń gba ooru kọjá kíákíá, ó sì ń fara da gbígbóná àti títutù lójijì, èyí tí zirconia kò lè ṣe: ooru kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì máa ń fẹ̀ púpọ̀ bó bá gbóná. Bí ẹ bá ra ìkòkò graphite tuntun, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí nǹkan bíi 200 °C fún wákàtí kan sí méjì kí omi ara rẹ̀ lè jáde, kí ẹ wá sun ún lófìfo kó pọ́n kí ẹ tó kó idẹ sí i. Ẹ má ṣe rọ àfọ́kù idẹ sínú rẹ̀ há-há-há, torí pé idẹ máa ń fẹ̀ kó tó yọ́, ó sì lè ya ìkòkò. Ẹ má sì jẹ́ kí idẹ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ: zinc inú rẹ̀ máa ń hó ní 907 °C, èéfín funfun tó ń jáde yẹn ló sì ń fún àwọn oníṣẹ́ ní ibà lálẹ́. Ibi tí zirconia ti jẹ́ ọba ni pílátínọ́mù, tó ń yọ́ ní 1768 °C, palladium ní nǹkan bíi 1555, àti àwọn irin tí èédú tàbí silica máa ń bà jẹ́. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà yín bá ń gbé irú ìyẹn wá, ẹ ra ìkòkò zirconia tí wọ́n ti ṣe tán, tó ní magnesia tàbí calcia. Kì í ṣe ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ máa ṣe fúnra yín fún ìkòkò méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó ní magnesia náà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láàárín 1000 àti 1400 °C, torí pé magnesia máa ń jáde kúrò nínú hóró níbẹ̀, ẹ ó sì padà sí ìṣòro tẹ́lẹ̀.

Bó bá ṣì wù yín láti ṣe é, ẹ má gbìyànjú láti ra yttria lọ́tọ̀ kí ẹ wá rò ó pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀. Yttria kì í tètè wọ inú zirconia. Ní 1450 °C, ibì kan á ní púpọ̀, ibì kan ò ní ní, ibi tí kò ní sì ni yóò ti sán. Ẹ ra ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò mọ́ amúdúró láti ilé kẹ́míkà, tí D50 rẹ̀ kò ju 0.6 micron lọ. Ìyẹ̀fun tó kúnná báyìí ṣì lè dì ní 1450 sí 1500 °C. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi ń béèrè 1700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìléru yín kò sì lè dé ibẹ̀. Fún ìkòkò, dídà sínú mọ́ọ̀lù POP dára ju fífi ọwọ́ tẹ̀ lọ. Ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ omi kí ìyẹ̀fun jẹ́ 70 sí 75% ìwúwo rẹ̀, ẹ lo ammonium polyacrylate tó 0.3 sí 0.5% ìwúwo ìyẹ̀fun kó lè máa ṣàn, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀lù zirconia lọ̀ ọ́ pọ̀ fún wákàtí 12 ó kéré tán. Ẹ fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tó bá sì jó tán, ihò ló ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sun ún, dígírì kan ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ máa fi gòkè dé 600 °C, ẹ dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, dígírì 3 sí 5 ní ìṣẹ́jú kan dé 1450 tàbí 1500, kí ẹ dúró fún wákàtí méjì, kí ẹ sì bọ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Yóò sún kì tó 20 sí 22% ní gígùn. Bí ẹ bá fẹ́ ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 100 mm, mọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 127. Ojú ibi tó sábà ń bàjẹ́ ni ìdí ìkòkò, torí pé ó máa ń wọ́ lórí pẹpẹ ìléru nígbà tó ń sún kì. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun zirconia díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa yọ̀.

Ìyẹ̀fun tí ẹ ó wọ́n sábẹ́ ìkòkò yẹn, èyí tó ṣẹ́ kù nínú kílò mẹ́ta yín ni kó jẹ́. Kò di ẹ̀gbin. Bó bá wà ní lúbúlúbú, kò sí ìkòkò tó máa fọ́, ìwúwú rẹ̀ kò sì ní ohun tó máa ya. Àwọn tó ń mọ ìkòkò lè fi díẹ̀ sínú ohun dídán tí wọ́n ń kùn sára amọ̀ kó lè funfun, kí àwọ̀ amọ̀ má sì máa yọ. Òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ silica àti vanadium láti fi ṣe àwọ̀ búlúù tí iná kì í pa. Àwọn tó ń dán gíláàsì náà máa ń lò ó. Ẹ bo imú pẹ̀lú máàsìkì gidi nígbà tí ẹ bá ń bù ú, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá èyí tó bá dà sílẹ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ di ẹnu àpò náà, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kò ní amúdúró, kí ọmọṣẹ́ kankan má baà tún fi í mọ ìkòkò.